Ìgbín Tí Wọ́n Yá fún Ọjọ́ Kan

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kó kéékèèké fún mi o. Àwọn ńlá ni kẹ́ ẹ kó. Bí Mádàámù bá rí kéékèèké lọ́dọ̀ mi, ó máa mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀."

Ìyá Ìgbín kúnlẹ̀ sínú ọgbà ìgbín rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń ṣí ewé ìbẹ́pẹ kúrò lórí wọn, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú apẹ̀rẹ̀ tó ti fi ewé tútù tẹ́. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ dúró tì í, ó di apẹ̀rẹ̀ mìíràn mọ́ àyà, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ọlọ́pàá ń bọ̀.

"Kí lò ń wò?" Ìyá Ìgbín bi í. "Ṣé olè là ń jà ni?"

"Ẹnu àwọn ará abúlé yìí ni mò ń sá fún. Wọ́n máa ní aránṣọ wá tọrọ ìgbín."

"Ṣé o ò wá tọrọ ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn, ẹ̀gbọ́n á sọ ọ́, àbúrò á fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àjọ kan tó ń ran àwọn obìnrin ìgbèríko lọ́wọ́ ló kó ìgbín wá fún ẹgbẹ́ wọn lọ́dún tó kọjá, apẹ̀rẹ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sìn ín. Àwọn kan ti sè é jẹ kí oṣù tó parí. Àwọn kan gbàgbé pé nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Ìyá Ìgbín ni kò fi ṣeré. Ó ń lọ èèpo ẹyin fún wọn kí ìkarahun wọn lè le, ó ń pọn omi odò wá wọ́n wọn lára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títí ọrùn fi ń dùn ún. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Ìgbín nígbà náà. Wọ́n ní ẹran tí kò lè sáré, kí lèèyàn ń ṣọ́ lára rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé, tí ọmọ ń pọ̀ sí i, tí àwọn oníbàárà ń ti ìlú ńlá wá a wá sílé, orúkọ ẹ̀fẹ̀ di orúkọ oyè.

Ní ti àbúrò rẹ̀, ìjàlọ ló wọ ọgbà tirẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń rán aṣọ lọ́wọ́. Kó tó gbé orí sókè nídìí ẹ̀rọ, ìkarahun òfìfo ló kù. Kò sọ fún Mádàámù, ìyẹn obìnrin tó ń ṣojú àjọ náà. Òní sì ni Mádàámù ń bọ̀ wá yẹ ìgbín wò láti ilé dé ilé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù, ilé rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́ ilé ìgbín onísìmẹ́ńtì sí, pẹ̀lú táǹkì àti ẹ̀rọ omi, kí àwọn obìnrin abúlé yòókù lè máa wá ra ọmọ ìgbín níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Ìyá Ìgbín ló kàn. Òun náà mọ̀. Ó ti fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí táǹkì máa dúró sí.

"Ọjọ́ kan péré," àbúrò rẹ̀ ní. "Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti kó wọn padà wá."

"Bí mo bá kó gbogbo ńlá fún ẹ, kí ni wọ́n máa bá lọ́dọ̀ tèmi?"

"Ẹ sọ pé wọ́n ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ nítorí ooru. Ṣebí ìgbín máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mádàámù mọ iṣẹ́ yín. Ta ló máa rí ẹ̀yin, kó wá máa bi yín pé ìgbín dà?"

Òótọ́ wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá wọn, tó ń gbé lọ́dọ̀ aránṣọ, ti wá bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ àná. Màámi jókòó sórí àpótí, ó jẹun, ó fọwọ́, ó ní, "Ọmú kan náà lẹ jọ mu. Bí ojú bá ti àbúrò rẹ, ojú ta ló tì?" Ìyá Ìgbín ò sì lè wo ojú ìyá rẹ̀ kó ní rárá. Ó wá mú èyí tó tóbi jù lọ báyìí, abiyamọ tó yé ẹyin ju gbogbo wọn lọ, ó gbé e lé orí àwọn yòókù, ó fi ewé bò wọ́n.

"Wọ́n omi sí wọn lára tó o bá délé," ó ní. "Kó o sì gbé wọn síbi òjìji."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

Ilé aránṣọ ló sún mọ́ títì, nítorí náà ibẹ̀ ni ọkọ̀ àjọ kọ́kọ́ dúró sí. Ìyá Ìgbín dúró sílé tirẹ̀ dè wọ́n. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tí àbúrò rẹ̀ rán fún un, ó gbálẹ̀, ó tún un gbá. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èrò ti tẹ̀ lé wọn: Mádàámù àti ọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò, àwọn obìnrin ẹgbẹ́, àbúrò rẹ̀, àti Màámi lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Mádàámù gbé àwọ̀n tó bo ọgbà sókè. Ó wo inú rẹ̀ títí.

"Kéékèèké nìkan?" ó ní. "Ìyá, kí ló dé? Ẹ̀yin tá a fi ń yangàn?"

Ìyá Ìgbín la ẹnu. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ilẹ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló yára ju ú lọ.

"Mádàámù, ẹ má bínú sí i. Ìjàlọ ló jẹ gbogbo tirẹ̀. Ojú ló ń tì í tí kò fi sọ fún yín. Èmi ni mo bù nínú àwọn ọmọ ìgbín tèmi fún un, kó lè fi tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò lè máa wò ó níran."

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ń wo ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì nìyẹn, ta ló fẹ́ ki orí bọ̀ ọ́?

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan!" Mádàámù gbá aránṣọ mọ́ra. "Irú obìnrin tá à ń wá gan-an nìyí. Ó ní nǹkan, ó sì ń fún ẹlòmíràn." Ó wá yíjú sí Ìyá Ìgbín, ó gbé ohùn sókè, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. "Ìyá, ṣé ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò yín?"

Ìyá Ìgbín wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń wo àwọ̀n. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Dúpẹ́, ọmọ mi," Màámi wí jẹ́jẹ́.

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn: ìyá kì í sọ̀rọ̀ kí ọmọ já a nírọ́ lójú àlejò, ọmọ ìyá kì í sì í tú ara wọn síhòòhò. Àti pé kí ló fẹ́ sọ? Bó bá ní irọ́ ni, wọ́n á bi í pé báwo ni ìgbín rẹ̀ ṣe dé ilé aránṣọ, òun náà á sì di òpùrọ́. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ní, "Mo dúpẹ́." Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni ọkùnrin náà ti yà á ní fọ́tò.

Oòrùn wọ̀, kò rí ìgbín. Ilẹ̀ mọ́, kò rí ìgbín. Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó lọ bá wọn nílé.

Àbúrò rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ wá bá yín gan-an ni. Ọ̀rọ̀ àná yẹn, ó kàn já bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Ọ̀rọ̀ tó já bọ́ kì í ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Tìrẹ ní méjèèjì. O tilẹ̀ tún rántí fi ìtìjú mi sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Kó ìgbín mi fún mi."

"Wọ́n ti ya fọ́tò wọn, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ilé ìgbín náà sí níbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọn ò bá bá wọn níbí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ná. Bí wọ́n bá kọ́ ọ tán, àwa méjèèjì la jọ máa lò ó."

"Nílé ta ni?"

Màámi ló dá Ìyá Ìgbín lóhùn, láti orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ìwọ ní ọkọ. O ní ilé. Kí ni àbúrò rẹ ní ju ẹ̀rọ yìí lọ? Ọkọ tó fẹ́ ẹ ti sá lọ. Ìwọ lágbára, o lè tún bẹ̀rẹ̀. Òun ò lè ṣe é."

Ìyá Ìgbín yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn?"

Màámi ń fi ìka ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Màámi."

"Èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀," ìyá rẹ̀ ní. "Ọmọ tó ń sunkún ni mo wò. Ìwọ kì í sunkún."

Ó dùn ún, ó dùn ún wọra. Òun àti àbúrò rẹ̀ ti jà rí, wọ́n sì ti parí rẹ̀, kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó sórí àpótí rẹ̀, tó jẹ oúnjẹ rẹ̀, tó fi ọmú bẹ̀ ẹ́, ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kó tó fọwọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Ìgbín ti ń pa òwe yìí fún àwọn ẹlòmíràn bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí wọn, kò mọ̀ pé bó ṣe ń dunni tó nìyí. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo, ó lọ sílé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀nà tó gbà tí wọn ò kí i. "Ẹ kú ewu ìjàlọ o, Ìyá Ìgbín." Àwọn tó ń kí i mọ òótọ́, wọ́n kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni. Oníbàárà rẹ̀ kan láti ìlú ńlá kọjá níwájú ilé rẹ̀, ó juwọ́ sí i láti orí ọ̀kadà, kò dúró. Wọ́n ti júwe ilé aránṣọ fún un.

Ọkọ rẹ̀ bíríkìlà ni. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, ó bú wọn, ó ṣépè díẹ̀, ó ní òun máa lọ bá wọn nílé. Lẹ́yìn náà, ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Iṣẹ́ ti dé," ó ní. "Iṣẹ́ gidi. Àjọ ló gbé e fún mi."

"Iṣẹ́ wo?"

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù. Ó bọ́ èkejì, ó gbọn òun náà, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. "Ilé ìgbín yẹn ni."

"Ti ilé àbúrò mi?"

"Bí mi ò bá gbà á, bíríkìlà mìíràn máa gbà á. Ilé náà á ṣáà dúró. Iṣẹ́ lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ẹbí lọ́tọ̀."

Ìyá Ìgbín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Ẹ bá wọn kọ́ ọ dáadáa o," ó ní. "Ìgbín mi ló máa gbé ibẹ̀."

Ó gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì jáde lọ bá àwọn kéékèèké nínú ọgbà. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọkọ rẹ̀ á ti ilé aránṣọ dé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lára sòkòtò. Ìyá Ìgbín ló ń fọ sòkòtò náà.

Ilé parí. Ó ku ọ̀la kí wọ́n wá ṣí i, àbúrò rẹ̀ sáré wọlé láìwọ bàtà, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Ìgbín ń kú."

"Ìgbín ta ni?"

"Ìgbín yín. Àná ni mo kó wọn sínú ilé tuntun, láti ìgbà náà wọn ò fẹnu kan nǹkan. Itọ́ ń hó lẹ́nu wọn. Mádàámù ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò wọ́n."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Ìyá Ìgbín ti gbé apẹ̀rẹ̀.

Ilé ìgbín náà dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọṣẹ́. Ògiri gún régé, táǹkì dúdú jókòó sórí irin gíga, ẹ̀rọ omi ń kán tó, tó, tó. Wọ́n ri pátákó kan mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwòrán àbúrò rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, ó di abiyamọ ńlá yẹn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìgbín wo àwòrán náà, ó wọlé. Òórùn sìmẹ́ńtì tuntun ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Àwọn ìgbín ti gun ògiri dé òkè, wọ́n lẹ̀ mọ́ àwọ̀n, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbà jáde. Àwọn mìíràn ti wọ inú ìkarahun lọ pátápátá. Àwọn kan ti ń rùn.

"Sìmẹ́ńtì yìí ò tíì gbó," ó ní. "Ó ń jó wọn lára. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti fi omi fọ̀ ọ́ léraléra, kẹ́ ẹ da iyẹ̀pẹ̀ sí i kó nípọn."

"Mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn kúrò lára àwọ̀n. Ó ń fi omi ẹ̀rọ ṣan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tó kan abiyamọ ńlá náà, ó fi ìka kàn án lẹ́nu, kò mira. Ó tún kàn án. Ó dì í mú sọ́wọ́ díẹ̀, ó wá gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó mú òmíràn.

Àbúrò rẹ̀ ń bá a tẹ́ ewé sínú apẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fi mí sílẹ̀. Mo sọ fún Màámi. Mo ní ẹ̀jẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ń jẹ́." Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ kún, ó di etí rẹ̀ kan mú. "Níbo ká gbé e sí, ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé inú yàrá mi, kí wọ́n sinmi di àárọ̀?"

"Gbé e rù mí," Ìyá Ìgbín ní.

Aránṣọ ò tíì fi etí apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ fẹ́ gbé e lọ síbo?"

"Ilé mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Wọ́n ń bọ̀ lọ́la! Kí ni mo máa fi hàn wọ́n?"

"Ilé tí ọkọ mi kọ́. Ó dára. Fi hàn wọ́n."

"Wọ́n máa ní mo parọ́ fún wọn. Wọ́n máa gba gbogbo rẹ̀."

"Mo ti ràn ẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan," Ìyá Ìgbín ní. "Àwa méjèèjì mọ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ fi etí apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ké pe ìyá wọn. Màámi jáde, ó ń tẹ ọ̀pá rẹ̀ kò-kò-kò, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbín. Ó wo èyí tó ń sunkún. Ó wo apẹ̀rẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní.

"Màámi, tèmi ni."

"Mo mọ̀ pé tìrẹ ni. Gbé e sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá fi àbúrò rẹ ṣẹ̀sín lójú gbogbo ayé ni?"

"Wọ́n fi èmi ṣe é. Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúpẹ́."

Àwọn méjì nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ tó ń ti odò bọ̀ ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú omi lórí, wọn ò fẹ́ kí nǹkan kan kọjá wọn. Bóyá nítorí tiwọn ni Màámi ṣe gbé ohùn sókè.

"Bí o bá gbé ìgbín yẹn kọjá ibi tí mo dúró sí yìí, má pè mí ní ìyá mọ́. Mo ti sọ ọ́."

Ìyá Ìgbín wọ́ apẹ̀rẹ̀ náà wá síwájú ìyá rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ojú Màámi rọ̀. Ó na ọwọ́ láti fi kàn án lórí, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ tó gbọ́ràn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́," Ìyá Ìgbín wí. Kò fi "Màámi" kún un. Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ lé orí, ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà kọjá, ó sì bọ́ sọ́nà.